Ìkòkò kan, àwo márùn-ún: bí mo ṣe ń se oúnjẹ alẹ́ fún ilé lẹ́yìn tí wọ́n gé ikùn mi

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi dín ikùn mi kù kí n lè fọn ni mo padà sídìí ìkòkò. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Bàbá Tóbi ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìrẹsì àti sítú ló ń sè láti ọjọ́ Ajé títí wọ Àìkú, àbíkẹ́yìn mi sì ti ń béèrè pé ìgbà wo gan-an ni ara Mọ́mì máa yá. Bí mo ṣe dúró ti gáàsì tí mo ń ro ẹ̀fọ́, òórùn irú gbà mí nímú. Kí n tó mọ̀, mo ti kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo ti lá a. Ohun tí mo ti ń ṣe láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni; ta ni í se ọbẹ̀ tí kì í tọ́ ọ wò? Ewé ẹ̀fọ́ kan ṣoṣo ló bá a wọlé. Ó há mi láyà bí ẹni tó gbé odidi ẹyin mì. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi tẹ̀ mọ́ síǹkì, tí itọ́ funfun tó ń hó bí ọṣẹ ń dà lẹ́nu mi.

Nítorí náà, kí n tó sọ ohun mìíràn: ẹ wá ẹni tí á máa bá yín tọ́ ọbẹ̀ wò. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ló gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi. Fún oṣù méjì àkọ́kọ́, gbogbo ilé jẹ iyọ̀. Nísinsìnyí ó ti mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Àní nígbà tí ẹ bá ti ń jẹ oúnjẹ gidi, títọ́wò yẹn ò ní yéé jẹ́ ọ̀ràn, torí ṣíbí mẹ́ta ní ìdúró nídìí gáàsì, oúnjẹ alẹ́ ti parí nìyẹn. Ẹ ó jókòó sídìí tábìlì, ikùn á ti kún, ẹja tó yẹ kó wọ̀ ọ́ á wà nínú àwo.

Irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní sleeve ni wọ́n ṣe fún mi níbí ní London, ó pé ọdún mẹ́ta ní oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá. Wọ́n máa ń gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò ikùn dànù. Èyí tó bá kù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Kílò 131 ni mo wà lọ́jọ́ tí mo wọlé. Èmi kì í ṣe dókítà o. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń gbé ní Peckham, mo sì ní ọkọ kan àti ọmọ mẹ́ta tí òkèlè kì í tó. Ìwé tí ilé ìwòsàn bá kọ fún yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, torí wọn kì í bára wọn dọ́gba. Bí èèyàn ṣe lè tẹ̀ lé e nínú ilé tí ebi ti ń pa ẹni mẹ́rin mìíràn ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má ṣe se ìkòkò méjì

Oṣù àkọ́kọ́, ìkòkò méjì ni mò ń gbé kaná, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún wọn. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mò ń dé láti ibi iṣẹ́, agogo mẹ́jọ ààbọ̀ la tó ń jẹun. Ó rẹ̀ mí débi pé mo máa ń pa tèmi tì, màá mu wàrà, màá lọ sùn. Ohun tó gbà mí ni pé mo wo ọbẹ̀ Yorùbá dáadáa, mo sì rí i pé ìdààmú tó wà níbẹ̀ fún ikùn mi kò ju mẹ́ta lọ: ata, òróró, àti ohun tí a fi ń jẹ ẹ́. Òróró ṣeé dín kù fún gbogbo ilé, ata rodo lè wọ ìkòkò níkẹyìn, ohun tí a fi ń jẹ ẹ́ sì wà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá bu tiyín kúrò kí ata rodo tó wọlé, ọbẹ̀ kan náà ni gbogbo ilé jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọbẹ̀ ata ṣàlàyé. Tàtàṣé pupa mẹ́rin, àlùbọ́sà ńlá méjì, tòmátò agolo kan: mo lọ gbogbo wọn kúnná nínú bílẹ́ńdà, láìfi ata rodo kankan sí i. Mo dà á sínú ìkòkò gbígbẹ, mo jẹ́ kó hó títí omi rẹ̀ fi gbẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ìgbà yẹn ni òróró wọlé, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta péré. Tẹ́lẹ̀ rí, bí òróró kò bá léfòó téńté lórí ọbẹ̀ mi, mi ò kà á sí ọbẹ̀. Aṣiri ibẹ̀ ni pé bí omi ata bá ti gbẹ tán, òróró díẹ̀ máa ń dín in dáadáa. Omi tó pọ̀ nínú ata ló ń mú wa da òróró bí ẹni da omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Bàbá Tóbi fi jẹ ọbẹ̀ olóróró díẹ̀ yìí láìmọ̀. Àṣìṣe mi ni pé mo sọ fún un.

Lẹ́yìn náà ni omi ẹran, iyọ̀ díẹ̀, tímù, edé lílọ̀. Ẹja títùs wọlé, ó jinná láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibí ni mo ti bu tèmi: ègé ẹja kan, ọbẹ̀ ṣíbí méjì. Kété tí mo bá ti bù ú, mo ju odidi ata rodo mẹ́ta sínú ìyókù, mo dé e, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ọ̀kan fọ́ fún olórí ilé. Ó tán. Ìkòkò kan, omi ìfọbọ́ kan.

Bí ẹ̀fọ́ rírò bá ni, ọ̀nà kan náà ni, àfi pé mo máa ń gé ẹ̀fọ́ tèmi wẹ́wẹ́ kí n tó sè é, torí igi ẹ̀fọ́ gígùn máa ń pọ̀ mọ́ra nínú ikùn kékeré. Ní ti ẹ̀gúsí, ìrònú díẹ̀ ló gbà: purotéènì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ jù ú lọ. Ṣíbí kan, pẹ̀lú ẹja tó pọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́

Ìwé tèmi ní ọ̀sẹ̀ méjì fún ohun olómi, méjì fún ohun lílọ̀ tó kúnná, méjì fún oúnjẹ rírọ̀. Àpẹẹrẹ oúnjẹ tó wà nínú ìwé náà kún fún ẹja nínú ọbẹ̀ funfun àti ọ̀dùnkún gígún. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Àwọn baba wa ti ń lọ ẹ̀wà kúnná kí ilé ìwòsàn kankan tó dé.

Ní ọ̀sẹ̀ olómi, omi ẹran àti omi ẹja tí mo fi asẹ́ sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni mo fi ń bá ilé jẹun alẹ́. Ògì náà wà, ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín: ògì lásán, okun ló ń fúnni, kì í ṣe èyí tí ọgbẹ́ inú fi ń jinná. Purotéènì, tí tíṣà wa máa ń pè ní amáradàgbà, gíráàmù 60 sí 80 lójúmọ́ ni wọ́n ní kí n máa wá. Wàrà lẹ́búlẹ́bú tí kò lọ́ràá, gíráàmù 30, ń fúnni ní bíi mẹ́wàá. Nítorí náà ògì mi ṣàn bí tíì, wàrà ló pọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tó kan ohun lílọ̀, gbẹ̀gìrì ló gbé mi dé èbúté. Ẹ̀wà bíbó tó jinná kọjá jíjinná, tí mo fi asẹ́ sẹ́, epo pupa tó tó ṣíbí tíì kan, irú díẹ̀, ẹja títùs tí mo fi fọ́ọ̀kì fọ́ mọ́lẹ̀ títí kò fi sí eegun kankan. Ilé da ewédú àti ọbẹ̀ ata lé tiwọn lórí àmàlà, èmi mú gbẹ̀gìrì mi pẹ̀lú ṣíbí àbíkẹ́yìn mi tó ní erin lórí. Ewédú kì í há, ó ń yọ̀ wọlé fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n purotéènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan, torí náà kó má gba ipò ẹja.

Mọ́ínmọ́ín

Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀, torí mọ́ínmọ́ín ni oúnjẹ kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń jẹ láìyọ nǹkan kan kúrò àfi ata rodo, láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún títí di òní.

Ẹ̀wà olójú dúdú gíráàmù 400, ẹ rẹ ẹ́, ẹ bó o mọ́. Bí ẹ bá fi èèpo díẹ̀ sílẹ̀, ilé kò ní mọ̀, ikùn yín á mọ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé méjì, àlùbọ́sà kan, àti omi ẹran tó ti tutù. Ẹ jẹ́ kí bílẹ́ńdà ṣiṣẹ́ kọjá ibi tó ti sú yín. Ẹ mú díẹ̀ láàárín ìka méjì, ẹ fi ra, kò gbọdọ̀ rí hóró kankan bí iyanrìn. Ẹyin méjì tútù wọ inú rẹ̀, òróró ṣíbí mẹ́rin, iyọ̀, edé lílọ̀. Ẹyin méjì tí a ti sè, tí a gé wẹ́wẹ́, àti ẹja títùs sísè gíráàmù 200 tí a fọ́, ni a ó pín sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni omi. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ń tà ní ojú ọjà máa ń le gbagidi kó lè dúró lórí àwo. Irú ìyẹn há mi láyà lẹ́ẹ̀kan, mi ò tún rà á mọ́. Ẹ̀wà náà gbọ́dọ̀ máa dà láti ojú ṣíbí bí wàrà agolo, kì í ṣe kó máa já ní ṣùù-ṣùù bíi ti àkàrà. Ẹ máa lù ú fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó bu u, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ bu mẹ́rin tèmi sínú abọ́ kékeré tó tó ago tíì, lẹ́yìn náà ni mo da ata rodo lílọ̀ sínú ìyókù, tí mo bu ú sínú ewé. Ewé dídì máa ń wà ní àwọn ìsọ̀ Rye Lane, ilé mi kì í gbà á lọ́wọ́ mi bí mo bá fi agolo se tiwọn. Ìṣẹ́jú 50 lórí iná tí kò le. Ó máa ń jẹ́ bíi mẹ́rìnlá, purotéènì inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lọ sí gíráàmù 11. Mo ti ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn kálẹ́ńdà.

Òkèlè, adìyẹ, àti àwọn tí mo ti kí pé ó dàbọ̀

Ohun tí ìwé kankan kò sọ fún mi rèé. Gbogbo ìlànà iṣẹ́ abẹ yìí dá lórí jíjẹ lẹ́nu: ẹ rún un ní ìgbà ogún kí ẹ tó gbé e mì. Àwa sì rèé, láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í rún òkèlè. Ọmọ tó bá ń rún iyán lẹ́nu, wọ́n á ní kò mọ oúnjẹ í jẹ. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní oṣù kẹta. Mo fi ẹ̀bà sẹ́nu, mo ń rún, mo ń rún, ó ń lẹ̀ mọ́ erìgì, gbogbo ọmọ ń wò mí. Ẹ̀bà tí mo gbé mì lẹ́yìn gbogbo ìyà yẹn sì há síbẹ̀. Mo fi òkèlè sílẹ̀ fún odidi ọdún kan. Nísinsìnyí, àmàlà tó rọ̀ ni mo lè jẹ ní ọjọ́ Àìkú, òkèlè méjì tó tó ìdajì àtàǹpàkò, lẹ́yìn tí ẹja bá ti tán nínú àwo. Iyán ò tíì gbà fún mi.

Ètò àwo mi kò yí padà: ẹja tàbí ẹran lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e, ìrẹsì tàbí dòdò ṣíbí kan tàbí méjì bí àyè bá ṣẹ́ kù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àyè kì í ṣẹ́ kù.

Adìyẹ le ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Àyà adìyẹ gbígbẹ ni ọ̀tá mi, ó sì burú sí i bí a bá gbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì. Itan ni mo ń jẹ, nínú ọbẹ̀, tó bá ti ń já kúrò lára eegun fúnra rẹ̀. Ilé mi fẹ́ràn adìyẹ líle, ìyẹn àgbà adìyẹ. Mo máa ń se tiwọn nínú ìkòkò aláfẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú ogójì, mo á ju itan adìyẹ rírọ̀ kan sínú ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀. Bí ẹran màlúù bá ni, ẹran lílọ̀. Pọ̀nmọ́ àti ṣàkì ti di ti Bàbá Tóbi. Mi ò ní purọ́, pọ̀nmọ́ dùn mí. Mo ṣì máa ń kì í lọ́wọ́ wò nínú ìsọ̀.

Ìdí tábìlì

Agogo ni ọ̀gá níbí. Mo gbé omi kúrò lórí tábìlì kí n tó jókòó, torí mi ò gbọdọ̀ mu omi mọ́ oúnjẹ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó lè mu ún. Mo fún àbíkẹ́yìn mi ní iṣẹ́ gbígbé ìgò omi mi pa mọ́, ó sì ń ṣe é bíi ọlọ́pàá. Abẹ́ kọ́ọ̀bù tíì ni àwo mi. Ṣíbí elérin náà ṣì ni mo ń lò. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń fọwọ́, ká lè jọ parí, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa wò mí lẹ́nu. Bí ogún ìṣẹ́jú bá pé, mo gbé àwo kúrò, ì báà ku ègé kan.

Ohun tó ń kù nínú àwo àwọn ọmọ náà ń pani. Ìyá wo ni kì í jẹ àjẹkù ọmọ rẹ̀? Ní ilé wa báyìí, kálukú ló ń ro àwo tirẹ̀ nù fúnra rẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹran tó bá kù nínú tèmi, àwọn ni wọ́n ń jà lé e lórí. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni í ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ti bọ́ lọ́wọ́ igbá.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n wo àwo mi, wọ́n wo ọmọ wọn, wọn ò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè mí sí kíṣìnì.

“Ìyàwó mi, kí ló ń ṣe ọ́? Oúnjẹ ológbò lo bù yẹn.”

“Màmá, kò sí nǹkan. Ikùn ni wọ́n dín kù.”

“Wọ́n dín ikùn kù? Kí ni wọ́n wá fi ṣe?”

Mo ṣàlàyé, kò wọ̀ wọ́n létí. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ẹran kún àwo mi nígbà tí mo bá yíjú. Àlàyé kọ́ ló parí ọ̀rọ̀ náà, iṣẹ́ ni. Mo ní, “Màmá, gbẹ̀gìrì mi kì í kúnná bíi tiyín, mo sì nílò rẹ̀ fún ikùn yìí.” Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n bọ́ sídìí rẹ̀. Wọ́n ní bílẹ́ńdà ń ba ẹ̀wà jẹ́, asẹ́ ni wọ́n fi sẹ́ ẹ títí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, mo sì ní láti gbà pé ó yàtọ̀. Bí ẹ bá ní àgbà tó ń bẹ̀rù pé ẹ ò jẹun mọ́, ẹ fún un ní ohun tí á máa sè fún yín.

Àwọn díẹ̀ tó kù: ohun mímu tó ń hó, títí kan mọ́ọ̀tì, rárá. Òde àríyá, mo máa ń jẹ ẹja nílé kí n tó jáde, ìrẹsì tí wọ́n bá bù fún mi á wọ báàgì fún àwọn ọmọ. Kàlṣíọ́ọ̀mù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ iyọ̀ kí n má bàa gbàgbé rẹ̀ ní alẹ́, oògùn tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ti òwúrọ̀, torí àwọn méjèèjì kì í bára wọn gbé. Abẹ́rẹ́ B12 ní oṣù mẹ́tamẹ́ta. Àwọn fítámì yìí kò ní òpin, títí ayé ni.

Bí nǹkan bá há, ẹ má fi omi tì í, á kàn tún gun òkè ni. Ẹ dìde, ẹ máa rìn káàkiri pálọ̀, ẹ jẹ́ kó kọjá tàbí kó jáde. Ṣùgbọ́n bí omi lásán kò bá dúró nínú yín, tàbí tí inú bá ń run yín gan-an pẹ̀lú ibà, ẹ pe ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kó má di ọ̀la.

Ọjọ́ Sátidé ni mò ń kó gbẹ̀gìrì àti mọ́ínmọ́ín sínú fírísà, nínú abọ́ tí mo kọ ọjọ́ sí lára. Nígbà tí Màmá wá kẹ́yìn, kí wọ́n tó padà sí Ìbàdàn, abọ́ méjìlélógún ni wọ́n sè kalẹ̀. Wọ́n pè ní àná. Wọn ò béèrè àlàáfíà ọmọ wọn, wọn ò béèrè tàwọn ọmọ. “Ó kù mélòó?” Mo ní ó ku mẹ́ta. Wọ́n ní kí n lọ wá owó ọkọ̀ òfuurufú.